Ẹ̀sìn Kì Í Ṣe Túláàsì: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Gbà Á àti Ẹni Tí Ó Fi Í Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Bàrígà)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ àti ìyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.



Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń sọ ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ kí a gbé e dé orí mínbárì. Òun ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ pé òun kò ṣe Mùsùlùmí mọ́. Kí ni ó yẹ kí Mùsùlùmí ṣe nígbà tí ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kúrò nínú Ìsìláàmù bọ́ sínú ẹ̀sìn mìíràn, tàbí tí ó bá sọ pé òun kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́? Ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ó bá ní in, kí ni ojúṣe àwọn tí ó fi sílẹ̀?

Bàrígà mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Láti inú ọjà títí dé etí ọ̀sà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ń bá ara wọn gbé ní àdúgbò kan náà. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan, Alhaji lè wà ní yàrá àkọ́kọ́, kí aláṣọ funfun wà ní èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akọka nítòsí máa gbé ní ẹ̀kẹta, kí ó máa ka ìwé àwọn tí kò gbà pé Ọlọ́hun wà. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ ìwé àdúrà ààwẹ̀, wọ́n sì ń tẹ pátákó ìpolongo ìsọjí. Nínú ìdílé Yorùbá kan náà, ẹ̀gbọ́n lè máa jẹ́ Ràṣídì kí àbúrò máa jẹ́ Sámúẹ́lì, kí àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì.

Ìrẹ́pọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnìkan bá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì ni a ń mọ̀ bóyá ó jinlẹ̀. Baba mìíràn yóò dá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ dúró. Òmíràn yóò lé e jáde nílé lóru. Àwọn ẹ̀gbọ́n yóò sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú, àwọn ọ̀rẹ́ yóò sì máa lérí sí i. Kì í ṣe ilé Mùsùlùmí nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tí ó bá gba Ìsìláàmù náà lè di ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn. Àbùkù kan náà ni, ibi yòówù kí ó ti wá.

Kí Mùsùlùmí tó bínú, ó yẹ kí ó mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ. Àwọn onítumọ̀ Al-Kùránì bí Tabarī àti Ibn Kathīr ròyìn pé nínú àwọn ará Mẹ̀dínà, baba kan wà láti inú ìdílé Banū Sālim ibn ‘Awf, tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì jẹ́ Nàsárá nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó tọ Ànábì lọ, ó sì béèrè bóyá kí òun fi ipá mú wọn wá sínú Ìsìláàmù. Lórí ọ̀rọ̀ baba yìí àti irú rẹ̀ ni a fi sọ ẹsẹ 256 nínú Sūratul-Baqarah kalẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé túláàsì kò sí nínú ẹ̀sìn, nítorí pé ìmọ̀nà ti hàn yàtọ̀ sí ìṣìnà.

Ẹ wo ọgbọ́n inú ìdáhùn náà. Ọlọ́hun mọ ìrora baba, síbẹ̀ kò fún un ní kùmọ̀. Nǹkan tí ó bá hàn kedere kò nílò kí a lu ènìyàn kí ó tó rí i. Nínú Sūratu Yūnus, ẹsẹ 99, Ọlọ́hun jẹ́ kí Ànábì mọ̀ pé bí Òun bá fẹ́ ni, gbogbo ará ayé ni ì bá gbàgbọ́. Ǹjẹ́ ó wá tọ́ kí ẹ̀dá kan fi ipá sọ ẹlòmíràn di onígbàgbọ́? Nínú Sūratul-Kahf, ẹsẹ 29, Ó fi ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́ sí ìfẹ́ inú ẹni kọ̀ọ̀kan, Ó sì fi ìṣirò rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara Rẹ̀. Nínú Sūratun-Nisā’, ẹsẹ 137, a mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n gbàgbọ́, tí wọ́n ṣàìgbàgbọ́, tí wọ́n tún gbàgbọ́, tí wọ́n sì tún padà ṣàìgbàgbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé idà ni ẹ̀san ìgbà àkọ́kọ́ ni, báwo ni wọn yóò ṣe wà láàyè láti gbàgbọ́ lẹ́ẹ̀kejì?

Ohun mìíràn tún wà. Ìṣẹ́ ẹ̀sìn kò sí láìsí àníyàn ọkàn. Ẹni tí a fi ẹgba lé dé mọ́ṣáláṣí lè forí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kírun. Munāfiki ni a sọ ọ́ dà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Sūratun-Nisā’, ẹsẹ 145, fi àwọn munāfiki sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú iná. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ipá mú ọmọ rẹ̀ dúró sínú ẹ̀sìn kò gbà á là. Ó kàn kó ìparọ́ lé àìgbàgbọ́ rẹ̀ lórí ni.

Àwọn kan yóò sọ pé hádíìsì wà nínú ìwé Bukhārī tí ó pàṣẹ pé kí a pa ẹni tí ó bá yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́, láti inú gbogbo mọ́díhábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni wọ́n gbé ìdájọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ irú àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bá pàdé. Ogun yí Mẹ̀dínà ká nígbà náà, ẹni tí ó bá sì kúrò nínú ẹ̀sìn sábà máa ń lọ gbé ohun ìjà pẹ̀lú ọ̀tá ni. Hádíìsì mìíràn fi èyí hàn, nítorí pé ó so kíkúrò nínú ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ yíya ara ẹni kúrò lára àwùjọ. Mọ́díhábù Hanafī sọ pé a kì í pa obìnrin tí ó bá kúrò, nítorí pé kì í jagun. Èyí fi hàn pé ogun ni ìdí ọ̀rọ̀. Sufyān al-Thawrī, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́, ni a gbọ́ pé ó sọ pé ìrònúpìwàdà ni kí a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí títí láé. Ní ayé òde òní, Shaykh Mahmūd Shaltūt, tí ó jẹ́ olórí Al-Azhar láti 1958 títí di 1963, tẹnu mọ́ ọn pé àìgbàgbọ́ nìkan kò sọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn di hàlálì. Bíbá àwọn Mùsùlùmí jagun ni ó ń fa ìyẹn.

Ìṣe Ànábì fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí. Nínú àdéhùn Hudaybiyyah ní ọdún 628, ó gbà pé bí Mùsùlùmí kan bá padà sọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́kà, òun kò ní béèrè rẹ̀ padà. Bukhārī àti Muslim sì ròyìn ará aginjù kan tí ó bá Ànábì ṣe májẹ̀mú, tí ibà Mẹ̀dínà mú, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí a tú májẹ̀mú òun ká. Ànábì kò gbà fún un, ọkùnrin náà sì bá tirẹ̀ lọ. A kò gbọ́ pé Ànábì rán ẹnikẹ́ni tẹ̀lé e láti mú un tàbí láti pa á.

Ìtàn Ìsìláàmù ní Èkó pàápàá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, aṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì tí ó wá síbẹ̀ ni Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool. Inú ilé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni wọ́n ti bí i, ó sì fi ẹ̀sìn àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀ gba Ìsìláàmù. Àwọn Mùsùlùmí Èkó fi ayọ̀ àti ọlá gbà á. Bí ó bá tọ́ kí Quilliam fi ẹ̀sìn baba rẹ̀ sílẹ̀, orí ẹ̀tọ́ wo ni a óò dúró lé tí a óò fi sọ pé ọmọ Mùsùlùmí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀kùn kan náà ni ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde ń gbà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń jáde pọ̀ láyé ìgbà náà. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ìwé kíkà wà. Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tí ó wà ní Bàrígà láti 1959, ni wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Èkó láti 1859, òun sì ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí láti rán ọmọ lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ lè lọ ní Mùsùlùmí kí ó sì bọ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Kí ni àwọn baba ṣe? Wọn kò gbé kóńdó. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ níbi tí ọmọ ti lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Ìmọ̀ ni wọ́n fi dá ìjádelọ dúró, ọ̀nà náà sì ṣiṣẹ́.

Òfin ilẹ̀ yìí náà sọ̀rọ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ padà. Abala kan náà kò gbà kí wọ́n fi dandan kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ òmìnira ẹ̀sìn yìí ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí Èkó láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, pé wọ́n lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tí ó yọ̀ sí ìdájọ́ yẹn kò lè pe òfin kan náà ní òfin kèfèrí nígbà tí ó bá ń dáàbò bo ẹni tí kò fẹ́ Ìsìláàmù.

Ọ̀rọ̀ Mubarak Bala ti Kánò fi hàn bí nǹkan ṣe lè rí nígbà tí a bá gbàgbé èyí. Ní 2014, lẹ́yìn tí ó sọ pé òun kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n mú un ní Kàdúná nítorí ohun tí ó kọ sórí Facebook. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Kánò rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 24. Ní 2024, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5, ó sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹ̀sìn ni ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn, kì í ṣe kíkúrò nínú ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ àbùkù a máa dun Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ìwà rere. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó nínú ẹ̀wọ̀n ni ó lè mú ọkàn kan padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun? Ibi tí ẹnu ti ṣẹ̀, ẹnu ni ó yẹ kí ó dáhùn: ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ó dára, gẹ́gẹ́ bí Sūratun-Nahl, ẹsẹ 125, ti là á sílẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀sìn jẹ́ ọ̀kan náà lójú Mùsùlùmí. Ó gbà pé òtítọ́ ni Ìsìláàmù, ó sì ní láti máa pe àwọn ènìyàn sí i. Ṣùgbọ́n ìpè ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdájọ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun. Nítorí náà, ojúṣe mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀.

Ti àwọn òbí ni àkọ́kọ́. Sūratu Luqmān, ẹsẹ 15, pàṣẹ pé bí òbí bá tilẹ̀ ń fi agbára fa ọmọ lọ sínú ẹbọ, kí ọmọ má ṣe tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kí ó máa bá a gbé pẹ̀lú dáadáa. Bí ọmọ bá jẹ òbí tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní ìwà pẹ̀lẹ́, mélòó mélòó ni òbí sí ọmọ tirẹ̀? Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Kí òbí béèrè ohun tí ó lé ọmọ lọ. Ó lè jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n fi ẹgba dáhùn ní ilé-kéú, tàbí ìwà àlùfáà kan tí owó ṣe pàtàkì sí ju ọkàn lọ. Ọmọ tí ilẹ̀kùn ilé ṣì ṣí sílẹ̀ fún lè padà. Èyí tí wọ́n tì í mọ́ òde kò mọ ibi tí yóò gbà.

Ti àwọn ọ̀dọ́ ni èkejì. Kí ọwọ́ Mùsùlùmí má ṣe kan ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀sìn, kí ẹnu rẹ̀ má sì lérí, ìbáà ṣe ní òpópónà tàbí lórí fóònù. Kí wọ́n sì dáàbò bo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń lépa, nítorí pé ẹ̀tọ́ kan náà ni ó dúró lé.

Ti ẹni tí iyèméjì wà lọ́kàn rẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Kí ó béèrè. Ànábì Ibrāhīm pàápàá bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi bí Ó ṣe ń jí òkú dìde han òun, kí ọkàn òun lè balẹ̀; a rí i nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 260. Ọlọ́hun kò lé e, Ó dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ tí ọ̀dọ́ kò ti lè béèrè ọ̀rọ̀ ni ọ̀dọ́ yóò fi sílẹ̀ láìdágbére.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tún ọkàn wa ṣe, kí Ó fi ìwà rere ṣe Ìsìláàmù lọ́ṣọ̀ọ́ lójú àwọn ará àdúgbò, kí Ó mú ẹni tí ó ṣáko padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí Ó má sì fi àwọn ọmọ wa dán wa wò kọjá agbára wa. Āmīn.