Ewé Kúrò Nínú Ìkòkò, Ó Wọ Inú Ìgò: Oúnjẹ àti Ìlera ní Àríwá Èkìtì

  

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìlera ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ilẹ̀ Èkìtì, ọ̀dọ̀ iyán ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ti tò ó sílẹ̀: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ jẹ́ ká yẹ òwe yẹn wò. Wọn kò dárúkọ ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ta ni ń jẹ iyán lásán láyé ìgbà náà? Ẹ̀fọ́ ti wà nínú ọbẹ̀ kí wọ́n tó gbé odó jáde, kò sí ìdí tí wọn yóò fi máa kà á. Àwa ọmọ wọn ni a di ohun tí wọ́n kà mú, tí a sì jẹ́ kí èyí tí wọn kò kà bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ lónìí: ewé tí àwọn ìyá wa ń fi se ọbẹ̀ ti kúrò nínú ìkòkò, ó ti wọ inú ìgò. Ẹni tí kò fi ẹ̀fọ́ kan ẹnu láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta a máa mu àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì láàárọ̀, a tún máa mu bítà lálẹ́, a sì máa sọ pé òun ń tọ́jú ara òun. Ewé tí a ń jẹ lójoojúmọ́ ti di ewé tí a ń mu nígbà tí ara bá ti bàjẹ́.

Iṣu àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Mi ò wá bá iyán jà o. Láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, tí ó fi iṣu ṣe orúkọ, dé Ìkọ̀lé, dé Ayédé àti Ọ̀yẹ́, owó iṣu ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí iṣu ń ṣe. Nínú 100 gíráàmù iṣu, kálórì tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 1.5 lọ. Agbára iṣẹ́ ni iṣu ń fúnni. Bàbá tí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tí ó kọ ebè títí oòrùn fi kan àtàrí, ti lo agbára náà tán kí ó tó padà délé. Ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì, ó ń jókòó títí di aago mẹ́rin, òkèlè tí bàbá ń jẹ náà ni òun náà ń jẹ, alẹ́ pátápátá ló sì ń jẹ ẹ́, kí ó tó lọ sùn.

Ọbẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí iṣu kò lè ṣe. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, òdú, gbúre, amúnútutù, ebòlò, yánrin, ewúro: àwọn wọ̀nyí ló ń gbé áyọ́ọ̀nù, fítámì àti fáíbà tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ wá. Àwọ̀ pupa inú epo wa pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èròjà tí ara ń sọ di fítámì A ló ń fún epo ní àwọ̀ náà. Òun ni ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn, òun ni ara ọmọdé sì fi ń kọ àrùn. Ọ̀rá ló ń gbé èròjà yìí wọ inú ara, nítorí náà ìyá tí ó ń da epo sí ẹ̀fọ́ ń mú kí ewé náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá wá gbé epo kaná títí tí ó fi funfun ti jó èròjà náà dànù.

Ẹ wo ìrù náà. Wọ́n á sè é, wọ́n á bó o, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ mélòó kan. Bakitéríà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ nínú igbá tí a bò yẹn. Ó ń fọ́ purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni adùn àti òórùn ìrù ti ń wá. Lónìí, mágí ti gba ipò rẹ̀. Iyọ̀ ló ń kó nǹkan bí ìdajì mágí onígun, ó tilẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan tí ó wọn gíráàmù 4 gbé bíi gíráàmù 2 iyọ̀ dání. Ẹni tí ó sọ márùn-ún sínú ìkòkò ti da gíráàmù 10 iyọ̀ sí i kí ó tó nawọ́ sí ike iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan yóò jẹ lójúmọ́ má pé gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan.

Òtílí àti sèsé ńkọ́? Nínú 100 gíráàmù wọn ní gbígbẹ, purotéènì ibẹ̀ ju gíráàmù 20 lọ. Ọmọ tí kò rí ẹran jẹ lè fi wọ́n dàgbà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà níbí ló mọ òtílí bí wọ́n bá rí i lọ́jà?

Bí ewé ṣe kúrò nínú ìkòkò

Ohun àkọ́kọ́ tí ó lé ewé jáde ni oògùn apakoríko. Púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tí mo dárúkọ, a kì í gbìn ín. Ebòlò a máa yọ fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, yánrin a máa hù lẹ́bàá ọ̀nà oko, gbúre a máa hù lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ẹni tí ó ń ro ó mọ èyí tí yóò tu dànù àti èyí tí yóò fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀ alẹ́. Oògùn tí a ń fọ́n kò mọ ìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, koríko ti gbẹ, ẹ̀fọ́ ti bá a lọ. Ẹni tí ó bá sì já ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fọ́n lánàá, oògùn ló ń já lọ sílé.

Ìkejì ni ìtìjú. A ti sọ ẹ̀fọ́ inú igbó di oúnjẹ ẹni tí kò rí owó ẹran. Kò sí ẹni tí yóò fi ebòlò ṣe àlejò lọ́jọ́ òde. Ọbẹ̀ ata àti ẹran díndín ni ọlá. Ìkẹta ni àkókò. Ẹ̀fọ́ ń gba ṣíṣà, ó ń gba rírẹ́, ó ń gba fífọ̀, obìnrin tí ó sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ kò ní agbára yẹn mọ́ ní aago méje alẹ́. Ẹ má di ẹ̀bi ru àwọn ìyá. Ọkùnrin tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ ní ọwọ́ tí ó lè fi ṣà á.

Ibi tí èyí ń gbé wa lọ, àwọn dókítà wa ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lè sọ ọ́ jù mí lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Bí òǹkà ìfúnpá bá ti ń dé 140 lókè àti 90 nísàlẹ̀ lemọ́lemọ́, ó ti ń ba ọkàn, ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, kódà bí ara ẹni náà bá le koko tí ó ṣì ń jó lóde.

Ewé nínú ìgò

Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Mo gbà pé ewé ń jẹ́. Ẹ̀rí wà. Àwọn adáhunṣe wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè láti ayébáyé. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine lára ìbátan rẹ̀ tí ó ń hù ní Íńdíà. Èròjà náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa pẹ̀lú. Ó ń mú ara wèrè rọlẹ̀, ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ilé-ìwòsàn káàkiri ayé sì lò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ìfúnpá ẹni náà lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ, ìbànújẹ́ ńlá sì lè bo ọkàn rẹ̀.

Ewúro náà ńkọ́? Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, Michael Huffman, onímọ̀ nípa ẹranko, àti Mohamedi Seifu, ọmọ ibẹ̀, rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ya ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo rẹ̀ sọnù, ó ń fa omi kíkorò inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti yá. Ẹ fiyè sí ohun tí ẹranko yẹn ṣe: àìsàn ló mú un mu ún, ó mu ún níwọ̀n, ó sì dáwọ́ dúró. Kò mu ún láràárọ̀.

Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Arábìnrin Tu Youyou ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí oògùn ibà, inú ìwé ìṣègùn tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn ló ti rí i pé omi ni wọ́n fi ń rẹ ewé tí wọ́n fi ń wo ibà, wọn kò sè é. Òun náà wá yẹra fún iná gbígbóná tí ó ti ń ba agbára ewé náà jẹ́. Kò dúró síbẹ̀. Ó dán an wò lára ẹranko, òun fúnra rẹ̀ mu ún, kí ó tó fún aláìsàn. Àgbo inú ìgò tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, ta ló wọ̀n ọ́n? Ewé mélòó ló wà níbẹ̀? Ọjọ́ wo ni wọ́n sè é?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn kan ní oògùn apakoríko ni. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé mẹ́táńọ̀ọ̀lù ni, májèlé tí ó wọ inú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹni tí ó bá fi ògógóró tí kò mọ orísun rẹ̀ rẹ egbò kò mọ ohun tí ó ń mu.

Nínú ìkòkò, ebi ló ń wọn ewé fún wa: ikùn kún, a dáwọ́ dúró. Nínú ìgò, kò sí ohun tí ó ń wọ̀n ọ́n. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń san gbèsè àṣejù. Ẹni tí ó sì ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, tí ó tún ń mu omi ewúro kíkan láìsọ fún dókítà, lè jẹ́ kí ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tí yóò fi dákú.

Ẹ̀kọ́ láti Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Òun àti Òkè-Ìmẹ̀sí wa tan. Ní 1956, Dókítà David Morley dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọ a máa sanra dáadáa lórí ọmú. Bí ó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, tí ògì lásán di oúnjẹ rẹ̀, ìdàgbàsókè rẹ̀ á dúró, ìgbóná èéyi á sì wá bá a nínú àìlera náà. Kí ni ó ṣe? Ó ń wọn àwọn ọmọ lóṣooṣù, ó ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì, ó fi káàdì náà sí ọwọ́ ìyá, ó sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa darí kílíníìkì náà fúnra wọn. Bí ìlà bá ti tẹ̀ sílẹ̀, ìyá á rí i kí ojú tó rí i lára ọmọ. Káàdì yẹn ni ayé ń lò di òní, irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ìyá tí ó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára níbí.

Ohun tí wọ́n fi wo ọmọ Ìmẹ̀sí, òṣùwọ̀n àti káàdì ni, kò sí ìgò kankan níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi igun oko kan sílẹ̀ tí oògùn kò ní kàn, kí ebòlò àti òdú rí ibi hù. Ẹni tí ó ní àkùrọ̀, kí ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin ojúlùmọ̀ mi ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2011, ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn yín wà ní Ìkọ̀lé, láàárín àwọn àgbẹ̀. Irúgbìn ẹ̀fọ́ wa àti òtílí wa yẹ kí ó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa pín in fún ìlú.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ bi aláìsàn léèrè àgbo tí ó ń mu, ṣùgbọ́n ẹ má bú u. Ẹni tí a bú kò ní sọ òótọ́ mọ́. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ gbé ìgò náà lọ fi hàn wọ́n. Ẹ má fi oògùn ìfúnpá sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan lọ́jà ní bítà òun ń wò ó.

Ẹ̀yin elégbòogi, iṣẹ́ yín ní ọlá. Ẹ kọ orúkọ ewé, ìwọ̀n àti ọjọ́ tí ẹ sè é sára ìgò, kí ẹ sì gbé e lọ sí àjọ NAFDAC fún àyẹ̀wò.

Ní ti ilé kọ̀ọ̀kan wa, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹ̀fọ́ àti èso tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́ tó 400 gíráàmù. Kò nira. Ẹ bu iyán kéré, ẹ bu ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹ dá ìrù padà sípò rẹ̀, ẹ dín mágí kù, ẹ jẹ òtílí lọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀lé e, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi tí kò jìnnà. Ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, kí ó lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe gbogbo èyí, owó tí ó ń ná sórí ìgò yóò tó o ra ẹ̀fọ́ jẹ lóṣù, yóò sì ṣẹ́ kù.