Ọkọ̀ Àkọ́kọ́ Ló Ń Pinnu: Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Lórí Function àti Domain

Ẹ̀yin àbúrò mi tó wà ní SS2 àti SS3, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, àmọ́ kí àwọn òbí má fo ojú ìwé yìí, torí owó lesson tí wọ́n ń san wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Níbi ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń ṣe ní Okota, ohun kan wà tí mo ń rí nínú ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi function kan sínú òmíràn. Wọ́n á ṣe é dáadáa, ìdáhùn á mọ́ tónítóní, wọ́n á wá wo ìdáhùn yẹn nìkan láti sọ domain. Ibẹ̀ ni máàkì ti ń lọ.

Function dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lọ́jà. O da nǹkan sí i lókè, nǹkan mìíràn jáde nísàlẹ̀. Domain ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbà láìbàjẹ́. Ata, tòmátò, ẹ̀wà tí a ti bó, ó gbà. Òkúta, rárá.

Ká wá ní o fẹ́ lọ sí Òṣòdì láti Okota. O wọ ọkọ̀ dé Cele, o sọ̀kalẹ̀, o wọ òmíràn lọ sí Òṣòdì. Ọkọ̀ méjì, ìrìn àjò kan. Ọkọ̀ tó gbé ọ dé Cele ni g, èyí tó gbé ọ kúrò níbẹ̀ ni f. Bí a ṣe ń kọ ọ́ ni f(g(x)). F ló kọ́kọ́ hàn lójú, ṣùgbọ́n g ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ò bá gbà kò ní dé Cele, bó ti wù kí ọkọ̀ kejì ṣófo tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ká ní g(x) = 1/(x − 2), f(x) = 1/x. Tí o bá fi g sínú f, ohun tó máa jáde ni x − 2. Ọ̀pọ̀ á ní, “Ah, gbogbo nọ́ńbà ló wọlé.” Rárá o. Fi 2 sí i wò: g á ní kí o fi òdo pín 1. Kò sí nǹkan kan tó jáde lára g, kí lo wá fẹ́ gbé fún f? Gbogbo nọ́ńbà ló wọlé, àfi 2. F náà kò gba òdo lóòótọ́, àmọ́ g yìí kò lè mú òdo jáde láéláé, nítorí náà f ò ní ẹjọ́ kankan níbí.

Ẹ wo òmíràn: g(x) = √(x − 3), f(x) = x² + 1. Fi g sínú f, ìdáhùn tún jẹ́ x − 2! Ìdáhùn kan náà, àmọ́ domain yàtọ̀ pátápátá. Tẹ́lẹ̀, 0 wọlé láìsí wàhálà, −2 ló sì jáde. Báyìí, 0 á sọ √(x − 3) di √(−3), kò sì sí nọ́ńbà gidi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti 3 lọ sókè nìkan ló ń wọlé. Ta ló lè mọ ìyẹn látara x − 2 lásán?

Tí o bá wá yí wọn padà, tí o fi f sínú g, √(x² − 2) lo máa rí. −5 tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀kan ti wọlé báyìí, 1 ò sì wọlé. Ẹni tó bá ti Òṣòdì bọ̀ ń bá kọ̀ńdọ́ mìíràn pàdé.

Nítorí náà, kó o tó gé ohunkóhun kúrò, béèrè pé: àwọn x wo ni g gbà? Nínú ohun tí g mú jáde, èwo ni f gbà? Kọ méjèèjì sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kó o máa gé e bó ṣe wù ọ́.

Ẹ̀yin òbí, Further Maths ti WAEC ni èyí wà, àwọn kan nínú yín sì máa ń sọ pé ẹrù àfikún ni. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe engineering máa bá chain rule pàdé ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, kò sì sí ohun tó wà nínú chain rule ju function tó wà nínú function lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Olubummo, ọmọ Ọrin-Èkìtì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, functional analysis ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ abúlé náà ni òun náà. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé: g(x) = √x, f(x) = 1/(x − 4). Ẹ wá domain f(g(x)). Àwọn nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo ò ní wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ti hàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà tó máa dé Cele láyọ̀, tí ọkọ̀ kejì á sì kọ̀ ọ́. Kì í ṣe 4 o. Ẹ mú un wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá.