Ta Ló Ń Wo Ìlú Sàn? Ogún Àtayébáyé nínú The Healers ti Ayi Kwei Armah

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àṣà ìbílẹ̀ àti àtúnṣe ìlú nínú ìtàn àròsọ Áfíríkà lẹ́yìn ìjọba amúnisìn. Ìwé kan péré ni mo mú dání, The Healers, tí Ayi Kwei Armah, ọmọ Gánà tí wọ́n bí ní Takoradi ní 1939, gbé jáde ní 1978. Mo mú un nítorí pé Armah kì í gbé ogún baba wa gẹ̀gẹ̀ láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń béèrè èyí tó lè mú ìlú lára dá nínú rẹ̀, àti èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ló tú ìlú ká.

Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ti Àṣàǹtì ní 1873 sí 1874 ni ìtàn náà dá lé, ogun tí Garnet Wolseley, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, fi dáná sun Kùmásì, olú ìlú Àṣàǹtì, nínú oṣù Èrèlé 1874. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà yóò máa retí ìró ìbọn òyìnbó. Kò ní í gbọ́ ọ níbẹ̀. Ọdún ìbílẹ̀ ni yóò bá pàdé, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Esuano. Láyé àtijọ́, wọ́n ń ṣe ọdún yìí kí àwọn èèyàn tó ti fọ́n káàkiri lè rántí pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìgbà tí Densu, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn náà, yóò fi bàlágà, ọdún ìrántí ti di ìdíje: eré sísá, ìjàkadì, ìbọn yíyìn sí ẹyẹlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń borí, àwọn yòókù á fi ìtìjú lọ sílé. Densu lágbára, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò da ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlù ṣì ń dún o, èrò ṣì kún ojú agbo, àmọ́ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ọdún sílẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Èmi ò mọ òǹkọ̀wé mìíràn tó fẹ́ràn ọdún ìbílẹ̀ tó báyìí, tó sì tún bá a wí tó báyìí.

Ẹ wo Asamoa Nkwanta, balógun Àṣàǹtì, ẹni tó gbé ayé ní tòótọ́ kí Armah tó mú un wọnú ìwé. Nígbà tí ẹnì kan kú nínú ìdílé ọba, wọ́n pa ọmọ ẹbí balógun yìí kan, tó fẹ́ràn gidigidi, kó lè bá òkú lọ. Àwa tí a mọ ìtàn abọ́bakú kò gbọdọ̀ yára kọjá ibẹ̀. Ìbànújẹ́ wó akíkanjú náà lulẹ̀, títí Damfo oníṣègùn fi gbà á tọ́jú. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà. Damfo jẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun ń jagun fún, bóyá ìlú ni, bóyá ààfin ni. Ọkùnrin náà padà sójú ogun. Nígbà náà ni àwọn ará ààfin Kùmásì, gẹ́gẹ́ bí Armah ṣe sọ ọ́, bẹ̀rù pé bó bá ṣẹ́gun, agbára lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n já a kulẹ̀, òyìnbó sì wọlé.

Àwọn oníṣègùn inú ìwé yìí ní èèwọ̀ tiwọn. Wọn kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni, wọ́n sì jìnnà síbi tí wọ́n ti ń du agbára. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n so ohun tó já pọ̀, nínú ara ẹnì kan, láàárín ẹni méjì, láàárín ìlú sí ìlú. Ibi tí èyí ti yé mi jù ni ọ̀rọ̀ Araba Jesiwa, tí wọ́n pa Appia ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì fọ́ egungun òun náà, gbogbo rẹ̀ nítorí oyè. Damfo to egungun náà. Ara ń jinná díẹ̀díẹ̀, ohùn kò jáde. Armah ò kánjú. Ó jẹ́ kí àwa òǹkàwé náà dúró. Nígbà tí Jesiwa yóò la ẹnu, kóòtù Cape Coast ló wà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ di ẹ̀bi ikú ọmọ rẹ̀ ru Densu. Ó dárúkọ ẹni tó wà nídìí ìpànìyàn náà: Ababio, ọ̀rẹ́ òyìnbó, tó ti dé adé Esuano. Ibẹ̀ ni mo ti rí àtúnṣe ìlú: ẹni tí wọ́n fọ́ gbádùn débi pé ó lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní gbangba.

Síbẹ̀, mo ní awuyewuye kan pẹ̀lú Armah. Damfo wo balógun sàn tán, ààfin ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bí oníṣègùn bá sá fún agbára pátápátá, ta ni yóò ṣọ́ ibodè? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà ju ọjọ́ ayé ẹnì kan lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkó náà. John Glover, tó ti ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ rí, kó ọmọ ogun Haúsá àti Yorùbá lọ bá Àṣàǹtì jà. Àwọn ọmọ ogun dúdú sì wá láti erékùṣù Karibíà. Ní ìparí ìwé náà, irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pàdé ní Cape Coast, orin sọ, wọ́n sì jó pọ̀. Ama Nkroma, ìyá arúgbó oníṣègùn, ń rẹ́rìn-ín: ẹni tó fẹ́ tú wa ká ló kó wa jọ yìí.

Ní 2024, tó pé 150 ọdún tí Kùmásì jóná, British Museum àti Victoria and Albert Museum kó ohun ọ̀ṣọ́ Àṣàǹtì 32 lọ sí Manhyia, ààfin ọba Àṣàǹtì ní Kùmásì, àyálò ni. Fowler Museum ní Los Angeles dá 7 padà pátápátá. Inú mi dùn sí i, nítorí ohun ìní àwọn Àṣàǹtì ni. Ṣùgbọ́n ẹrù ààfin ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ogún tí Armah ń wá kò sì sí nínú àpótí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kankan. Òun fúnra rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Popenguine ní Senegal, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé ìtẹ̀wé alájọni tí wọ́n pè ní Per Ankh sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tún àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀, The Healers pẹ̀lú.