Ẹ Wo Ìdí Múdù Yín



Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Nínú ìwé Róòmù, tí Àjàyí Crowther túmọ̀ sí èdè wa tí a sì tẹ̀ ní 1850, ní orí 15, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn alágbára pé kí wọ́n gba ti aláìlera rò, kí wọ́n má ṣe ti inú ara wọn nìkan, nítorí Kristi pàápàá kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wọ ọjà. Bí a bá lu ìdí múdù ìrẹsì wọnú, owó díẹ̀ yóò lé fún wa lóòótọ́. Àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe é rí. Obìnrin kan tó rà lọ́wọ́ wa padà wá. Kò pariwo, ó ní òun rò pé àwa onígbàgbọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tì wá. A wọn èyí tó kù fún un, a sì ra múdù mìíràn.

Ẹ má sọ pé gbogbo ọjà ló ń ṣe é. Ọlọ́run kò ní bi wá léèrè múdù ẹlòmíràn. Àlejò ni wá níhìn-ín: ẹni tí a rẹ́ jẹ kò ní dárúkọ wa, yóò ní, "Yorùbá ni." Àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè náà.

Nítorí náà, kí a tó ṣí ìsọ̀ lọ́la, kí olúkúlùkù wo ìdí múdù rẹ̀. Olúwa yóò bù sí i fún wa o.