Etí Erin: Ewéko Aṣálẹ̀ ní Ilẹ̀ Òjò

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ti rí náà ni ti ewéko. Ẹni tí kò bá mọ ilé tí ewéko ti wá lè máa tọ́jú rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ó sì jẹ́ pé pípa ni ó ń pa á. Ewéko tí ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí dá lé ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Aloe vera, tí Yorùbá ń pè ní etí erin tàbí ahọ́n erin.

Bí ewé rẹ̀ ti rí ni ó fa orúkọ méjèèjì: ó nípọn, ó sì gùn. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí lè tan ènìyàn jẹ. Àwọn kan wà nínú ẹbí ewéko yìí tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn náà ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àlejò ni irú tí ó wọ́pọ̀ nínú ìkòkò lóde òní, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Àárín òkúta ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni ilé rẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ ní oṣù kẹfà nìkan ní agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ sábà máa ń ju èyí tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ń rí lọ́dún kan gbáko.

Ewéko tí ó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá ti kọ́ bí a ti ń ṣọ́ omi lò. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá mú, ó máa ń pa àwọn ihò tí ó fi ń mí dé. Òru ni ó ń ṣí wọn, kí omi má baà gbẹ mọ́ ọn lára. Inú ewé rẹ̀ ni àmù rẹ̀ wà.

Níbí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ní Mowe àti Ibafo, lẹ́bàá òpópó Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, ilẹ̀ àbàtà àti ilẹ̀ amọ̀ kò wọ́n. Onílé tuntun a wa amọ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú ike ọ̀dà tí kò nídìí lílu, a gbin etí erin sí i, a sì máa bomi rin ín láràárọ̀. Láìpẹ́, ewé a rọ̀. Onítọ̀hún a rò pé òùngbẹ ni, a tún bu omi kún un. Gbòǹgbò tí ó ti ń jẹrà nísàlẹ̀ ni kò rí.

Àmì méjèèjì yàtọ̀ síra. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ etí erin, ewé rẹ̀ a tín-ín-rín, a sì ká sínú. Bí omi bá pọ̀ jù, ewé a rọ̀ jọ̀bọ̀, ìdí rẹ̀ a sì máa rùn. Kí a hú irú èyí, kí a gé gbòǹgbò tí ó ti rà kúrò, kí a jẹ́ kí ojú ibi tí a gé gbẹ, kí a tó tún un gbìn sínú ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹni tí yóò gbìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lu ìdí ìkòkò. Kí ó po iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀, kí iyanrìn pọ̀ jù. Ìdí ìyá ni ọmọ rẹ̀ ti ń yọ bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí a tó gbìn ín. Lẹ́yìn èyí, kí omi má kàn án fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà òjò, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ ni ó yẹ ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí inú bá gbẹ ni kí a tó bomi sí i. Èyí tí ó bá dàgbà, tí ó sì ń rí oòrùn dáadáa, ni ó lè yọ òdòdó.

Àwọn tí ń gé e fún ìwòsàn náà ní láti ṣọ́ra. Ìyọ̀ mímọ́ gaara inú rẹ̀, tí ń yọ̀ bí ilá, ni ọ̀pọ̀ ń fi pa ara. Ṣùgbọ́n oje kíkorò wà lábẹ́ èèpo tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òdòdó rẹ̀, tí ń mú ni yàgbẹ́ gbuuru. Ní 2002, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòpin sí lílò rẹ̀ nínú oògùn ìyàgbẹ́ tí a ń rà láìgba ìwé dókítà. Kò yẹ kí aboyún mu ún rárá.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú lè rì ohun tí ó ń tọ́jú sínú omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí etí erin yè ní ilẹ̀ òjò, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè ilé rẹ̀.