Irúgbìn Wa, Inú Àpótí Wo Ni Wọ́n Kó O Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Tchaourou

  

Ọdún púpọ̀ la fi jókòó ní biro ìjọba. Ohun kan tí iṣẹ́ yẹn kọ́ wa ni pé ibi tí wọ́n bá fi dosíè sí ló ń sọ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ irúgbìn rí. Ẹni tó bá mú irúgbìn tuntun jáde lónìí, tó fẹ́ kí òfin sọ pé tòun ni, àpótí kan wà tí ìwé rẹ̀ máa wọ̀. Tí àwa ò bá mọ àpótí náà, ẹlòmíì á mọ̀ ọ́n fún wa.

Ilé tó ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún Bẹ̀nẹ̀ kò sí ní Cotonou. OAPI ni wọ́n ń pè é, ìlú Yaoundé ní Cameroun ló wà. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo wọn. Àdéhùn Bangui ti 2 oṣù kẹta 1977 ló gbé e ró. Ní 1999 wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, wọ́n fi Annexe X sí i, èyí tó dá lórí irúgbìn tuntun. Annexe yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2006. Ní 2014, OAPI wọ UPOV, ẹgbẹ́ àgbáyé tó wà ní Geneva fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń mú irúgbìn tuntun jáde.

Àpótí mẹ́ta ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀.

Èkíní ni brevet. Ọgbọ́n tí èèyàn dá ni wọ́n ń fún ní brevet: ẹ̀rọ, oògùn, ọ̀nà tí a fi ń ṣe nǹkan. Àdéhùn Bangui sọ pé irúgbìn fúnra rẹ̀ kì í gba brevet. Ọ̀nà tí wọ́n dá nínú laboratoire láti fi ṣe é ló lè gbà á. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń to ìwé brevet káàkiri ayé. A01H ni ti ọ̀gbìn tuntun. A01H 1 jẹ́ ti ọ̀nà àtiyí ìwà àbínibí ọ̀gbìn padà; A01H 4 jẹ́ ti ègé kékeré tí wọ́n ń gbìn sínú ìgò; A01H 5 ń wo ẹ̀yà ara, bíi gbòǹgbò, ewé àti èso; A01H 6 sì ń wo ìdílé tí ọ̀gbìn náà ti wá.

Èkejì ni certificat d'obtention végétale. Òun ni ti irúgbìn gan-an. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ń bi í: Ṣé tuntun ni lọ́jà? Ṣé ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti mọ̀? Ṣé gbogbo rẹ̀ jọra? Ṣé kì í yí padà bí a bá ń tún un gbìn? Tó bá yege, tó sì ní orúkọ tirẹ̀, ó di ti ẹni náà fún ọdún 25.

Ẹ̀kẹta ni catalogue ti ìjọba wa, tí wọ́n ń kọ orúkọ irúgbìn sí kí wọ́n tó lè tà á pẹ̀lú àmì ìjọba. Ìwé àṣẹ ọjà lèyí, kì í ṣe ìwé ohun ìní.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Annexe X gbà kí àgbẹ̀ mú nínú ìkórè irúgbìn tó ní certificat, kó tún un gbìn sí oko ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè yìí kò sí fún igi eléso, igi igbó àti òdòdó. Ẹ̀yin alágbàdo, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, bí ẹ ò bá ti tà á fún irúgbìn. Ẹ̀yin oníkajú, ẹ ṣọ́ra. Bí irú kajú kan bá ní certificat, ẹni tó ń gé ẹ̀ka rẹ̀ lẹ igi mìíràn láti fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Ó ku èyí tó ń dùn wá jù. Ní Niger, ìlú Galmi ló fún àlùbọ́sà pupa kan lórúkọ: Violet de Galmi. Iléeṣẹ́ irúgbìn kan ní Senegal kọ̀wé sí OAPI láti gba certificat lórí orúkọ yẹn. Niger ò dákẹ́, wọ́n ta kò ó. Nígbà tí certificat máa jáde, orúkọ mìíràn ló gbé wá: Violet de Damani. Ẹ rí i pé ẹni tó sọ̀rọ̀ lásìkò ló gba orúkọ ìlú rẹ̀ là.

Àwa náà ní Laboko, a ní Kokoro tí a fi ń ṣe èlùbọ́. Àwọn baba wa, Nàgó àti Bàrìbá, a máa wu iṣu inú igbó, wọn á gbìn ín lóko fún ọdún mélòó kan títí á fi di iṣu ilé. Àwọn onímọ̀ ti wá wo iṣẹ́ yìí ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àpótí wo ni ti àgbẹ̀ wà? Kò sí. Bẹ́ẹ̀, ìlànà UPOV ka ẹni tó rí irúgbìn kan, tó sì tún un ṣe, sí ẹni tó mú un jáde. Àlejò lè mú ọ̀kan nínú iṣu wa, kó ṣà á dáadáa, kó fún un lórúkọ.

Nítorí náà ohun mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ irú iṣu rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe rí, ìdílé tó ń gbìn ín àti ìgbà tí wọ́n ti ń tà á, kí ẹ̀dà kan wà ní mairie, kí òmíràn dé ọ̀dọ̀ INRAB. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí pé kì í ṣe tuntun. Kí baálẹ̀ máa bi àlejò tó ń gba irúgbìn léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí ó kọ ọ́, kí ó fọwọ́ sí i. Kí àwọn aṣojú wa ní commune máa béèrè ohun tí OAPI ń kéde lórí irúgbìn, torí àyè àtakò wà kí certificat tó jáde.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí irúgbìn wa má parun, kó má sì di ti ẹlòmíì.