Bí Làkúrègbé Kò Bá Gbọ́ Oògùn

 

Bí oríkèé bá ń ro yín, tó ń rẹ̀ yín ṣáá, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, tẹ́ ẹ sì ń sanra láìjẹun púpọ̀, ó lè jẹ́ pé tairọ́ìdì, ẹ̀yà kékeré tó wà níwájú ọrùn, ni kò ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ bá dókítà ní FMC Ọ̀wọ̀, kí wọ́n fẹ̀jẹ̀ yín ṣàyẹ̀wò. Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, ẹ sọ ọ́.

Tí wọ́n bá fún yín lóògùn tairọ́ìdì, omi lásán lẹ ó fi lò ó láàárọ̀, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ di wákàtí 4 lẹ́yìn rẹ̀. Ara ìbáà yá, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Oògùn ara-ríro àdàlù tí wọ́n ń kiri lọ́jà ńkọ́? Ó lè dá egbò sínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún un.